Ọmọ Akanda Tó Jókòó Sílé: Kí Ló Tìlẹ̀kùn Mọ́ Ọn?

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ akanda ẹ̀dá tí ilé-ìwé ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ la fẹ́ sọ nínú fídíò yìí, àtàwọn tó ń tọ́jú wọn nílé. N ò ní ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ tó wá gbójú fo ìyá, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní kalẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin ọdún 15 kan wà lágbègbè Òkè Màpó n'Ìbàdàn níbí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Nígbà tó kéré, ìyá rẹ̀ ń pọ̀n ọ́n lọ sílé-ìwé. Nígbà tó yá, ọmọ wúwo, ẹ̀yìn ìyá ò gbà á mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò yẹn, ẹ mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbí, gọ́tà lọ́hùn-ún, ilé fara kọ́ ilé. Níbo ni àga onítáyà fẹ́ gbà? Onímáíkírà, ìyẹn onítakisí, tó bá tiẹ̀ dúró, owó èrò méjì ló máa gbà. Wọ́n dé ilé-ìwé tán, ṣáláńgá tí èèyàn ń lóṣòó sí ló wà níbẹ̀, ọmọ sì ti ń ṣe nǹkan oṣù. Bó ṣe jókòó sílé nìyẹn. Ará àdúgbò á ní, "Kò lè kàwé ni." Ta ló dán an wò?

Nítorí náà, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí ló tìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ yìí gan-an. Ti ọmọ Màpó, ọkọ̀ àti ilé ìgbẹ́ ni. Ti adití, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ọwọ́ ní kíláàsì. Ìbàdàn ò sì lè ní ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí òun. Láti 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ti dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí iṣan wọn le gbagidi, tí ọrùn wọn ò dúró, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ọpọlọ wọn ló farapa nígbà ìbí tàbí láìpẹ́ sígbà náà. Ọmọ lè má tètè ké. Ibà pọ́njú, èyí tó máa ń sọ ojú àti ara ìkókó di yẹ́lò, sì lè wọ̀ ọ́ lára jù kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ ìkókó wà lára ohun tó lè fa irú ibà pọ́njú bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ọmọ tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa. Mo dárúkọ èyí torí pé ìyá ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ìyá ọkọ á ní wọn ò bí irú ẹ̀ rí nílé àwọn. Bàbá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta, títí tí kò fi ní wálé mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lójú wọn. Ẹnu ni ò jẹ́ kí wọ́n fèsì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá Màpó. Ó ní ìsọ̀ l'Ọ́jàa'ba tẹ́lẹ̀, ó ti pa á tì. Owó ń dínkù, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sì ń pa ilé-ìwé jẹ kó lè jókòó tì í. Kẹ́ ẹ tó gbé àpò ìrẹsì lọ, ẹ bá a jókòó ti ọmọ fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ tí ọjà bá gbóná. Ẹgbẹ́ alásàláátù lè ṣe é, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ náà lè ṣe é, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn. Ìyá ni kó fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń gbé e àti bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ. Obìnrin tí ìyá mọ̀ dáadáa ni kó jókòó tì í, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ráyè.

Tí ọ̀dọ́ bá ti tó ọdún 17 tàbí 20, ẹ má mú un lọ jókòó pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà. Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wà. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dáa, ṣùgbọ́n ó sú mi bó ṣe jẹ́ pé ọṣẹ ṣíṣe àti ìlẹ̀kẹ̀ sínsín nìkan la rí fún wọn. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín sàtífíkéètì, ó parí. Ta ló bi ọmọ léèrè bóyá fóònù ló wù ú láti máa tún ṣe, tàbí WAEC ló fẹ́ jókòó fún?

Òfin ńkọ́? Òfin orílẹ̀-èdè tó lòdì sí ìyànjẹ àwọn akanda, ti 2018, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ láti máa bójú tó wọn. Ó tún ka fífi akanda ṣagbe léèwọ̀, ìbáà jẹ́ òbí rẹ̀ ló ń kó o kiri. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ tíṣà fún irú iṣẹ́ yìí sì ti wà l'Ọ́yọ̀ọ́, tí kò jìnnà sí wa.

Nítorí náà, tí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní, "A ò ní tíṣà fún irú ọmọ yìí," ẹ má jà. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ kọ tiyín náà mọ́ ọn: ohun tí ọmọ lè dá ṣe, ohun tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lé lórí, ohun tó lé e kúrò nílé-ìwé. Ẹ má dá ìyá nìkan lọ. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá, ẹ gba orúkọ ẹni tẹ́ ẹ máa rí àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa rí i kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.