Bàbà tó ń sọ alumíníọ̀mù di alágbára

Ẹ wo alumíníọ̀mù tí wọn ò po nǹkan kan mọ́ yìí. Ó fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́, àmọ́ ó rọ̀ jù. Kò ṣeé fi ṣe ìyẹ́ bàálù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ́ ọ, tí wọ́n po bàbà bí ìdá 4 nínú 100 mọ́ ọn, pẹ̀lú magnẹ́síọ̀mù díẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà: agbára rẹ̀ lè lé sí ìlọ́po 4, síbẹ̀ ìwúwo rẹ̀ ò tó ìdajì ti irin.

Bàbà nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí o, àsìkò ń bá a ṣe é. Ní 1906, ní Jámánì, Alfred Wilm gbé irú àdàlù yìí sínú iná, ó sì rì í bọ omi. Ó wọn bó ṣe le tó. Nígbà tó tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti le sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án!

Ohun tó fà á nìyí. Nínú iná bíi 500°C, bàbà á fọ́n ká sínú alumíníọ̀mù. Omi tútù ò ní jẹ́ kó ráyè jáde. Díẹ̀díẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù bàbà (ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ) á máa ṣù jọ, ṣùṣù kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí. Tí èèyàn bá wá fẹ́ tẹ àdàlù náà, àwọn ìpele átọ́ọ̀mù tó yẹ kó yọ̀ gba orí ara wọn kọjá á há sára àwọn ṣùṣù yẹn.

Àwọn tó ń to bàálù mọ èyí dáadáa. Rífẹ́ẹ̀tì kan wà, ìyẹn ìṣó kúkúrú tí wọ́n ń fi kan páànù mọ́ra, tí wọ́n ń fi àdàlù 2024 ṣe (nọ́ńbà àdàlù náà ni 2024, kì í ṣe ọdún). Bó bá ti kúrò nínú iná àti omi, inú fírísà ni wọ́n ń kó o lọ, torí òtútù kì í jẹ́ kó tètè le. Tí wọ́n bá kó o síta, wọ́n gbọ́dọ̀ sáré kàn án mọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí rẹ̀ á sán.

Bàbà yìí náà ló tún ń mú kí omi iyọ̀ tètè jẹ àdàlù náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi alumíníọ̀mù tí kò ní àdàlù bo ara bàálù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Púpọ̀ nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ò sì ṣeé fi iná jó pọ̀, torí wọ́n máa ń sán. Rífẹ́ẹ̀tì ló kù. Àdàlù 2219 yàtọ̀ ní tiẹ̀: bàbà inú rẹ̀ lé ní ìdá 6 nínú 100, síbẹ̀ ó ṣeé jó pọ̀ dáadáa. Òun ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi ṣe táǹkì ńlá tó máa ń gbé epo Space Shuttle, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ sí gbalasa òfúrufú nígbà yẹn, níbi tí haidirójìn olómi ti tutù dé -253°C. Nínú òtútù yẹn, ńṣe ni agbára rẹ̀ ń lé sí i.