Katakata Ìdíje Fífà: Ẹ̀yìn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ wo katakata yìí dáadáa, ó wà lẹ́nu ìdíje ta ló máa fa ẹrù jìnnà jù. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti gbéra nílẹ̀ díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Táyà ẹ̀yìn ń họ ilẹ̀, èéfín dúdú ń rú gòkè, ẹrù ńlá sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Èéfín yẹn ni gbogbo èèyàn ń wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀, ẹ wo ibi tí táyà ti pàdé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáwé olúborí.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń fà. Ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, ẹṣin làwọn àgbẹ̀ fi ń dán agbára wò. Nígbà tí katakata gbapò ẹṣin, àwọn èèyàn á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí ẹrù bá ṣe ń kọjá ni wọ́n á máa gun orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi wúwo kọjá agbára. Lónìí, sled ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Sled ní táyà lẹ́yìn, ó sì ní irin pẹlẹbẹ níwájú tó ń wọ́ nílẹ̀. Àpótí kan tó kún fún ìwọ̀n wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbéra, orí táyà ni àpótí náà wà, fífà rẹ̀ ò le rárá. Bí ẹ ṣe ń lọ ló ń sún bọ̀ wá síwájú, tí irin pẹlẹbẹ yẹn á fi máa tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ síi. Nínú ìdíje NTPA, ẹgbẹ́ ìdíje fífà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1969, ẹsẹ̀ bàtà 300 ni ọ̀nà náà, ìyẹn nǹkan bíi mítà 91. Mítà 100 ni ti Yúróòpù.

Tá a bá fẹ́ ṣe katakata ìdíje tiwa, èwo wá ni ká rà? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó kú ṣeé jí dìde, ṣùgbọ́n jíà ẹ̀yìn tó bá fọ́ lójú ìdíje, ìnáwó ńlá ni. Ẹ lọ fún katakata tí ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára, tí wọ́n ṣe púpọ̀, kí ẹ lè máa rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. International 1066, tí wọ́n ṣe láti 1971 sí 1976, ní ẹ́ńjìnnì lítà 6.8, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, sì ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. John Deere 4020 tún wà, èyí tí wọ́n dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀ ní 1972. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn arúgbó katakata díje, Farmall M dára fún un gan-an.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú ọ́ìlì jíà díẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ẹ fi ìka méjì ra á. Tí ohun kan bá ń dán yinrin bí ìyẹ́ ẹja níbẹ̀, irin ló ń jẹ irin nínú lọ́hùn-ún. Ẹ kí onítọ̀hún, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ ka òfin ìsọ̀rí tí ẹ máa díje nínú rẹ̀ kí ẹ tó mú sípánà. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, bí táyà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, irú tọ́bò tó fàyè gbà, àti bí ìkọ́ ìfà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń so sled mọ́ lẹ́yìn katakata, ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Katakata tó fúyẹ́ ju ìwọ̀n ìsọ̀rí yín lọ ló dára jù, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pinnu ibi tí irin ìwọ̀n yòókù máa wà.

Ọ̀rọ̀ ìkọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí òun ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ yìí. Ká ní ìkọ́ yín ga ní sẹ̀ǹtímítà 50, àárín ẹsẹ̀ iwájú sí ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.5, ẹ sì ń fi agbára tó tó ìwúwo kìló 4,000 fa sled. Ẹ fi 2.5 pín 0.5, ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé kìló 800 máa kúrò níwájú bọ́ sẹ́yìn. Tí ìwúwo iwájú ò bá tó 800, katakata á dìde bí ẹṣin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè. Tó bá pọ̀ jù, táyà iwájú á máa wọ́ nílẹ̀, ẹ̀yìn ò ní rí ìwúwo tó máa fi di ilẹ̀ mú. Ẹ gbé ìkọ́ yẹn sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, 800 á di 960. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùyẹ̀wò fi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rúlà kí ẹ tó wọlé.

Táyà ń kọ́? Ẹ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù kí ikùn rẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gé etí eyín rẹ̀ kó mú. Àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, ara táyà á ká jọ, ó sì lè yọ̀ lórí ríìmù.

Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ń fẹ́ epo, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó máa bá epo yẹn jó. Èéfín dúdú ni epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó. Ẹ fi gééjì ooru sí ẹnu èéfín, torí ooru àpọ̀jù lè yọ́ písítìnì.

Ní ti ààbò, mi ò ní bá yín ṣàwàdà. Okùn swíìṣì tó máa pa ẹ́ńjìnnì bí ṣéènì tó so katakata mọ́ sled bá já, irin ẹ̀yìn méjì tó lè gbé gbogbo katakata kó má dojú dé, férémù orí ìjókòó, bẹ́líìtì, akoto: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Katakata tó ń yí dànù sẹ́yìn kì í dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìfà àkọ́kọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ padà rìn lójú ipa táyà yín. Tí erùpẹ̀ bá gé dọ́gba bí búlọ́ọ̀kù, táyà ń di ilẹ̀ mú. Tó bá di lẹ́búlẹ́bú, ó ń yọ̀, ẹ gbé irin ìwọ̀n kan láti iwájú sún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tún fà á.