Bí a ṣe ń fi èèkù híkọ́rì sí àáké tí kò fi ní yọ

Ẹ káàbọ̀ o. Èyí tí ẹ ti ń bèèrè tipẹ́ ló dé yìí. Orí àáké nìyí, mo ti yọ èèkù tó kán kúrò. Èèkù híkọ́rì tuntun nìyí; híkọ́rì ni igi líle kan láti Amẹ́ríkà.

Kí ẹ tó sanwó èèkù, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ rí àwọn ìlà inú igi yìí? Ibi tí ẹnu àáké bá kọjú sí ni kí wọ́n nà sí. Bí wọ́n bá dábùú, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ náà: ìlà tó bá yà jáde lágbedeméjì, ibẹ̀ ló máa ti kán.

Ẹni tó ní apá funfun igi híkọ́rì nìkan ló lágbára, ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni! Pupa àti funfun, agbára kan náà ni.

Ẹ fi fáìlì fá orí èèkù títí yóò fi wọ ihò àáké díẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Ibi tí irin ti kùn ún dúdú nìkan ni kí ẹ fá. Ẹ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe. Fáìlì tó kú á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni: híkọ́rì le gan-an. Lórí ìwọ̀n Janka, tí wọ́n fi ń mọ bí igi ṣe le tó, irú híkọ́rì tí wọ́n ń pè ní shagbark jẹ́ 1,880, igi oak funfun ò ju 1,360 lọ.

Ó yá, ẹ wo èyí dáadáa! Ẹ di èèkù mú, kí orí àáké wà nísàlẹ̀, kó má kan ilẹ̀. Ẹ fi òòlù igi gbá ìdí èèkù. Gbà! Gbà! Ẹ rí i bó ṣe ń gùn ún bọ̀? Irin wúwo, kò fẹ́ kúrò níbi tó wà, èèkù ló ń wọ inú ẹ̀. Ẹ má gbá irin rárá.

Ọlọ́jà ti la orí èèkù yìí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ, ẹ ti fi ayùn là á tẹ́lẹ̀, kó jìn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ihò àáké. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ há ojú ibi tí a là, poplar, igi tó rọ̀ ju híkọ́rì lọ, ni mo lò, ẹ gbá a títí kò fi ní wọlé mọ́. Ẹ gé èyí tó ṣẹ́kù, kó yọ síta ní mílímítà 3.

Bó bá tú lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ ẹ́ sómi! Híkọ́rì máa ń wú gan-an. Irin ò fún un láyè, ara ẹ̀ á fún mọ́ra, bó bá gbẹ, á tún tú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igi pẹlẹbẹ mìíràn ni kí ẹ fi há a.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, híkọ́rì kì í hù lọ́dọ̀ yín. Àyìn ni kí ẹ lò.

Ó ku òróró linseed, òróró tí a fi ń pa igi, ẹ fi pa èèkù lẹ́ẹ̀mejì. Àkísà tí ẹ fi pa á, ẹ sá a síta ní títẹ́. Bí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra ẹ̀.