777 Kì Í Ṣe Oògùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àṣẹ Fáìlì Àjọlò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ akáǹtì ní fáìlì kò ṣí, ọ̀gá ń pariwo, ẹni tó ń tọ́jú sáfà (server) Linux bá tẹ chmod -R 777, ìyẹn ni pé kí gbogbo ayé ní gbogbo àṣẹ lórí fódà náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ariwo dákẹ́. Ilẹ̀kùn ló yọ dànù o, kò tún kọ́kọ́rọ́ ṣe! (Wọ́n rẹ́rìn-ín.) Àwọn kan á ní “ṣebí inú ọ́fíìsì ni sáfà wa wà.” Kí ransomware (ètò aburú tó ń ti fáìlì pa, tó sì ń béèrè owó kó tó ṣí i) wọ ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo: gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ yẹn láṣẹ láti kọ nǹkan sí ló máa tì pa.

Ẹ mọ ìṣirò rẹ̀: kíkà 4, kíkọ 2, x (àṣẹ láti mú fáìlì ṣiṣẹ́ bí ètò) 1. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di 7. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ni ín, èkejì ti ẹgbẹ́, ẹ̀kẹta ti gbogbo ayé. Lórí fódà, x ni àṣẹ láti gba inú rẹ̀ kọjá. Bí fáìlì 664 bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ yẹ àwọn fódà òkè rẹ̀ wò. namei -l á to gbogbo ọ̀nà náà sílẹ̀, láti / títí dé orí fáìlì.

Ẹgbẹ́ ni ojútùú, màá sì tún un sọ kí n tó jókòó. Ẹ dá ẹgbẹ́ akanti sílẹ̀, ẹ fi Bọ́lá sí i, ẹ fi fódà náà fún ẹgbẹ́, kí ẹ wá fún àwọn fódà ní 2770, àwọn fáìlì ní 660:

groupadd akanti
usermod -aG akanti bola
chgrp -R akanti /srv/akanti
find /srv/akanti -type d -exec chmod 2770 {} +
find /srv/akanti -type f -exec chmod 660 {} +

Ẹ má fo a inú -aG. Ẹni tó bá kọ -G lásán ti yọ Bọ́lá kúrò nínú àwọn ẹgbẹ́ yòókù tí wọ́n fi í sí. Bọ́lá sì gbọ́dọ̀ jáde kó tún wọlé kí ẹgbẹ́ tuntun tó mú un. 2 tó ṣíwájú 770 ni setgid: ohun tí ẹnikẹ́ni bá dá síbẹ̀ á di ti ẹgbẹ́ akanti.

Umask, nọ́ńbà tó ń sọ àṣẹ tí wọ́n máa yọ kúrò lára fáìlì tuntun, ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bó bá jẹ́ 022, fáìlì tuntun á jáde ní 644: ẹgbẹ́ lè kà á, wọn kò lè kọ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sú, tí wọ́n ń padà sọ́dọ̀ 777 wọn. Kí ohun tuntun tí wọ́n bá dá síbẹ̀ lè ṣeé kọ fún ẹgbẹ́, ẹ tẹ setfacl -R -d -m g:akanti:rwx /srv/akanti. Lórí Samba, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ Windows lo fódà Linux, create mask (àṣẹ tó pọ̀ jù tí fáìlì tuntun lè gbà) tó wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ jẹ́ 0744; ẹ sọ ọ́ di 0660, kí ẹ sì fi force group = akanti kún un.

Ẹnìkan nàwọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, fáìlì mi jẹ́ 400, síbẹ̀ ẹlòmíì pa á rẹ́.”

Ìbéèrè yìí ju èyí tó kù nínú ìwé mi lọ. Pípa fáìlì rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáìlì, ti fódà ni: orúkọ lẹ ń yọ nínú ìwé orúkọ. Ẹni tó bá lè kọ sínú fódà lè yọ ọ́. 3770 á dí i (2 ti setgid, pẹ̀lú 1 tó ń jẹ́ sticky): ẹni tó ni fáìlì, ẹni tó ni fódà àti root, ọ̀gá àgbà orí ẹ̀rọ, nìkan ló kù tó lè pa á rẹ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá tẹ Save, àwọn ètò kan máa ń kọ fáìlì tuntun, wọn á wá fi rọ́pò ti àtijọ́. Nínú fódà 3770, bí ẹlòmíì bá ni ti àtijọ́, ìyẹn á kùnà. Ibi tí wọ́n kàn ń ju ìwé sí ló yẹ fún, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan náà.

Wọ́n ti ń ṣẹ́jú sí mi pé àkókò ti tó. Ní kíákíá: lórí dísìkì kan náà, mv tó ń gbé fáìlì máa ń gbé ẹgbẹ́ àtijọ́ lọ, cp lásán tó ń da fáìlì kọ máa ń gba ti fódà setgid tó bá dé. NFS, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ Linux méjì jọ lo fódà kan, ńkọ́? Nọ́ńbà oníṣẹ́ ló sábà máa ń wò, kì í wo orúkọ: 1001 lè jẹ́ Bọ́lá níhìn-ín, kó jẹ́ Túndé lọ́hùn-ún. Ẹ tẹ id bola lórí ẹ̀rọ méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ kan chown tó ń yí ẹni tó ni fáìlì padà. Ẹgbẹ́ ni o, kì í ṣe 777.