Ọjọ́ Mẹ́rin ní Káúńtì Tí Fóònù Kò Ti Lóhùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, kò sí àlejò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti wà níkùn mi láti ìparí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní káúńtì Pocahontas, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Láti Maryland níbi tí à ń gbé, nǹkan bí wákàtí márùn-ún ni a fi wakọ̀ débẹ̀. Orí òkè ni gbogbo rẹ̀. Odò mẹ́jọ ló ṣàn wá láti ibẹ̀, àwọn tí ó sì ń gbé káúńtì náà kò pé 8,000 nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2020.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí àwòrán ọ̀nà tí mo gbójú lé lórí fóònù mi dákẹ́ lójijì, nítorí pé nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ pátápátá. A dé oríta kan tí kò ní àmì, mo yà sí ọ̀tún, mo wakọ̀ títí ọ̀dà fi tán lójú ọ̀nà tí ó ku òkúta wẹ́wẹ́. Ìyàwó mi rọra sọ pé, "Dádì, abéèrè kì í ṣìnà." Ilé kan ṣoṣo ni iná wà nínú rẹ̀ nítòsí. Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Kò bi wá léèrè ibi tí a ti wá. Ó wọlé lọ mú bíírò àti àpò lẹ́tà kan tí wọ́n ti ya, ó fa ìlà odò sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa afárá, ó ya ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan pẹ̀lú àgbélébùú lórí rẹ̀, ó ní tí a bá ti rí abà pupa, a ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí.

Lọ́jọ́ kejì ni mo tó mọ ìdí rẹ̀ tí fóònù kò fi lóhùn níbẹ̀. Ní ọdún 1958, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí ó fẹ̀ tó máìlì onígun mẹ́rin 13,000, pé kí wọ́n máa dín ariwo rédíò kù níbẹ̀, nítorí awò awọ̀nàjíjìn tí ó wà ní abúlé Green Bank. Awò yìí kì í fi ojú wo ìràwọ̀. Ìgbì rédíò tí ń ti ojú sánmà wá ló ń gbọ́, ìgbì náà sì rẹlẹ̀ débi pé fóònù kan ṣoṣo lè bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù níbẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ sẹ́nétọ̀ Robert C. Byrd pè, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 485, ó sì ga ju ère Òmìnira tí ó wà ní New York lọ dáadáa. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, láti fi rọ́pò èyí tí ó wó lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1988. Kí a tó lè sún mọ́ ọn, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi gbé wa, nítorí pé ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù máa ń fi púlọ́ọ̀gì ṣáná, ṣíṣáná yẹn náà sì jẹ́ ariwo létí awò. Wọ́n ní kí a pa fóònù, kí a má sì mú kámẹ́rà díjítà lọ síbẹ̀.

Amọ̀nà wa sọ fún wa pé ní ọdún 1960, níbẹ̀ gan-an, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Frank Drake kọ ojú awò kan sí ìràwọ̀ méjì, Tau Ceti àti Epsilon Eridani, ó ń tẹ́tí bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ohun kan. Ọmọ mi bi í léèrè pé ṣé wọ́n ti wá jáwọ́ ni. Ó ní rárá, wọ́n ṣì ń tẹ́tí títí di òní. Ẹ̀yin ará, èmi tí mo ń fi ẹnu jẹun, tí kì í rọrùn fún láti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sì mọ̀ pé ìnira wà nínú rẹ̀ fún àwọn onílé, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tí wọ́n nílò rédíò láti fi pe ara wọn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó kàn wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn kan ló ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a wá gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tí ó tẹ̀lé odò Greenbrier, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 78. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀, kí ọkọ̀ tó dẹ́kun láti máa gba ibẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Nítorí pé wọ́n là á fún ọkọ̀ ojú irin, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó le. Ọmọdé lè gùn ún láìmí gúlegúle. Afárá márùndínlógójì ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ihò abẹ́ òkè méjì. A wọ inú èyí tí wọ́n ń pè ní Sharps Tunnel, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 511. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Òtútù bò wá, omi ń kán tó, tó, láti òkè, mo na ọwọ́ kan ògiri, ó sì tutù bí ẹ̀yìn ìkòkò àmù. A kò sọ̀rọ̀ títí a fi jáde sórí afárá, tí odò sì ń ṣàn lábẹ́ wa nínú oòrùn.

Olú ìlú káúńtì náà ni Marlinton, ìtàn tí ó sì bí orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1749, ọkùnrin méjì, Jacob Marlin àti Stephen Sewell, tẹ̀dó síbẹ̀ nígbà tí kò sí òyìnbó mìíràn nítòsí. Wọ́n jọ kọ́ ahéré kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn, Sewell sì kó jáde lọ sínú ihò igi sycamore ńlá kan tí kò jìnnà sílé. Wọ́n ní ní àràárọ̀, Marlin a jáde síwájú ahéré, Sewell a jáde nínú igi, wọn a sì kí ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìjà náà kò tán, ìkíni kò sì dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìkíni jẹ́ nílé wa yóò mọ ìdí tí mo fi dúró pẹ́ níbẹ̀ lórí ìtàn yìí.

Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ọdún wọn, tí wọ́n ń pè ní RoadKill Cook-off. Ìdíje ọbẹ̀ ni. Ẹran tí alásè bá lò gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ẹran ìgbẹ́ tí ọkọ̀ sábà máa ń pa lójú títì, bí àgbọ̀nrín, ọ̀kẹ́rẹ́, béárì tàbí tòlótòló ìgbẹ́, bí kò tilẹ̀ pọn dandan pé kí ọkọ̀ ló pa á. Òfin ìpínlẹ̀ náà sì gba ènìyàn láyè láti gbé ẹran tí ọkọ̀ pa lọ sílé, bí ó bá ti fi tó ìjọba létí. Àwọn ará ìta máa ń fi ọdún yìí rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n fi ẹran ìgbẹ́ tọ́ dàgbà kò rí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo rí àwọn ènìyàn tí kò fẹ́ kí ẹran ṣòfò, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń fi iná jẹ́ẹ́jẹ́ se ẹran líle títí yóò fi rọ̀. Ọbẹ̀ àgbọ̀nrín kan wà tí mo padà lọ bù lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìlú Cass, a wọ ọkọ̀ ojú irin eléèédú. Ọdún 1901 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pépà dá ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì gé igi títí òkè fi di ìhòòhò. Nígbà tí iṣẹ́ ìlagi parí ní ọdún 1960, wọn kò jẹ́ kí irin náà dípẹtà sílẹ̀. Láti ọdún 1963 ni ọkọ̀ tó ń kó gẹdú tẹ́lẹ̀ ti ń gbé àlejò gun òkè, ó sì ń dé orí òkè Bald Knob, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4,842. Níbi tí òkè ti dagun jù, ọkọ̀ á lọ síwájú, á dúró, á sì fi ẹ̀yìn gun ìyókù. Igbó ti padà bo gbogbo ibẹ̀.

Òkè Droop nìkan ni kò rọrùn fún mi. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1863, nígbà tí West Virginia kò tíì pé oṣù márùn-ún tí ó ya kúrò lára Virginia, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ọ̀gágun Averell ṣẹ́gun àwọn ará Gúúsù tí ọ̀gágun Echols kó lẹ́yìn lórí òkè yẹn. Ibi ìgbafẹ́ ni lónìí, àwọn ènìyàn ń jẹun lórí koríko. Mo dúró níbẹ̀, èmi aláwọ̀ dúdú, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú ìhà méjèèjì jà kí oko ẹrú má baà parí. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi bẹ́ẹ̀, ní gbangba, láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́.

Ní àárọ̀ tí a ń padà, a yà sílé ìyá tí ó ya ọ̀nà fún wa. Ó jáde sí ìloro, ojú rẹ̀ sì fà ro, ó béèrè bóyá a tún ti ṣìnà ni. Mo ní rárá o, pé ọpẹ́ ọjọ́ sí la wá dá, nítorí ẹni tí a ṣe lóore níbi tí a ti wá kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa àga mẹ́ta síta, a sì jókòó tì í títí ìrì fi gbẹ lórí koríko.