Ẹ Má Wo Ẹnu Tó Lẹ́jẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Akọ àti Abo fún Ajá Ọdẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ajá ọdẹ la fẹ́ sọ lónìí, bí èèyàn ṣe ń yan akọ àti abo tí ọmọ wọn á mọṣẹ́. Mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti oògùn aràn, ẹni tó bá ti ń sin ajá ti mọ ìyẹn. Ibi tí ẹ ti máa ń ṣàṣìṣe ni mò ń lọ tààrà.

Ẹ wò ó. Àwọn ọdẹ dé láti igbó Àjàṣẹ́-Ìpo láàárọ̀ Sátidé, ajá márùn-ún, ọ̀yà méjì. Akọ ńlá kan wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀, ó ń yan fanda. Kíá, ẹ ti sanwó, ẹ ti ní kó wá gun abo yín. Ta ló sọ fún yín pé òun ló rí ọ̀yà yẹn? Ó lè jẹ́ abo tínrín tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà yẹn ló gbóòórùn ẹ̀ nínú koríko, tó lé e jáde, tí alára ńlá yìí kàn wá kì í mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ, wọn ò purọ́. Tí ajá márùn-ún bá jọ ń sáré, ojo inú wọn náà á máa gbó bí akin.

Ẹ MÚ U LỌ LÓUN NÌKAN! Mo tún un sọ, òun nìkan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o, ẹ mú u lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbẹ tí òórùn ò dúró, ẹ tún mú u lọ nígbà tí òjò ti rọ̀ tí koríko ga ju orí ẹ̀ lọ. Ṣé ó ń wá ẹran fúnra ẹ̀ ni àbí ojú yín ló ń wò? Tí òkété bá wọ ihò, ṣé ó dúró tì í ni àbí ó yà bá tiẹ̀ lọ? Tí ìbọn bá dún ńkọ́?

Ti ìbọn yìí ṣì ń dùn mí. Mo gba akọ kan fún abo mi nígbà kan, àyà ẹ̀ fẹ̀, wọ́n ní ó dáa, mo gbà, mi ò mú un débi kankan. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, mẹ́rin nínú wọn, tí ìbọn bá ti ró báyìí, abẹ́ mọ́tò lẹ ti máa fà wọ́n jáde. Ìgbà tí mo lọ wádìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá wọn ń ṣe!

Ẹ tiẹ̀ gbọ́, kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń bi mí pé akọ dà, tẹ́nikẹ́ni ò béèrè ìyá? Krómósóòmù, ìyẹn ohun inú ara tó ń gbé ìwà àti ìrísí òbí dé ara ọmọ, 78 lajá ní, 39 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 39 láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọgbọọgba ni. Ìyá tún wá ń tọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ bíi méje, tó bá ń sá fún gbogbo nǹkan, ojú àwọn ọmọ ló ń ṣe.

Ní Ìlọrin wa níbí, tí ọmọ yín bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, ṣé ojú ẹni yẹn nìkan lẹ máa wò? Ẹ ó ránṣẹ́ lọ sí agboolé wọn, ẹ ó béèrè ẹ̀gbọ́n, àbúrò, títí dórí ìyá tó bí ìyá ẹ̀. Ẹ ṣe é fún ajá náà! Tí ọmọ ìyá méje bá wà, tí ọ̀kan mọṣẹ́ tí mẹ́fà jẹ́ ojo, ẹ fi ọ̀kan yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Èyí tó mọṣẹ́ níwọ̀nba, tí gbogbo àbúrò ẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, òun lèmi máa mú. Ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ kọ́ ajá ò sì wọnú ẹ̀jẹ̀ o, pé ó ń jókòó tẹ́ ẹ bá ní kó jókòó, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Imú, ìgboyà, ìfẹ́ iṣẹ́, ìyẹn lọmọ lè jogún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin German Shepherd, ẹ̀yin náà ńkọ́. Max von Stephanitz tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà yẹn ní Jámánì lọ́dún 1899, ajá tó lè da àgùntàn ló ń wá, iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ẹwà. Àrùn oríkèé ìbàdí wọ́pọ̀ nínú wọn, ọmọ sì lè jogún ẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran ya X-ray ìbàdí akọ àti abo kí wọ́n tó gun ara wọn.

Kí ajá tó pé ọdún 2, ẹ má tíì jẹ́ kó gùn tàbí kí wọ́n gùn ún, ẹ ò tíì mọ irú ajá tó jẹ́. Abo mi tó wà l'Ọ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méjì ni, mo sì tún máa mú un wọgbó lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí, òun nìkan, kí n tó wá akọ fún un.