Igi Tùràrí: Ohun Tó Wà Lára Ẹ̀, Èéfín Ẹ̀, Àti Bó Ṣe Ń Dá Àkókò Àdúrà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ igi tùràrí la fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tó wà lára ẹ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ ló ń tanná sí i tí wọn ò mọ ohun tó ń jó.

Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní agarbatti, ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú ẹ̀, wọ́n á wá lọ èédú tàbí igi kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ èèpo igi kan tó máa ń lẹ̀, wọ́n á fi yí ọparun yẹn lára. Ibi tí ìyàtọ̀ wà rèé o: àwọn kan á ti po oje igi àti igi olóòórùn mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀, àwọn míì á kàn ṣe èyí tí ò lóòórùn rárá, tó bá gbẹ tán wọ́n á wá rì í sínú pàfíìmù. Ti Japan ò tiẹ̀ ní ọparun nínú, òun fúnra ẹ̀ ló ń jó tán pátá, erékùṣù Awaji ni wọ́n sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Tẹ́ẹ bá tanná sí i, ẹ jẹ́ kó jó díẹ̀, kẹ́ẹ wá fi ọwọ́ fẹ́ iná yẹn kú, kó ku ẹyin iná pupa lórí nìkan. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n ní èémí ẹnu èèyàn ò mọ́ tó. Kí ohun tẹ́ẹ fi gbé e dúró gùn tó igi náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eérú á máa já bọ́ sórí tábìlì. Ẹ má dẹ̀ jáde kẹ́ẹ fi sílẹ̀ o.

Ní ti kéèyàn máa tàn án nínú ilé, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Tùràrí kì í fọ ilé! Tí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì bá ń rùn, ẹ lọ fọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òórùn méjì lẹ máa jọ máa gbọ́. Èéfín ṣì ni èéfín, bó ti wù kó ta sánsán tó. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008, tí wọ́n fi tọ àwọn èèyàn tó lé ní 60,000 lẹ́yìn ní Singapore, rí i pé àwọn tó ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ máa ń ní àwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan ní ọ̀nà èémí ju àwọn tí kì í lò ó lọ. Kò sọ pé igi kan ṣoṣo máa pa yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣí wíńdò, tí ọmọ ìkókó tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ jàre.

Ó wá ku ti àdúrà, ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Sáàmù 141 ní kí àdúrà gòkè bíi tùràrí, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Àmọ́ ẹ ka Ẹ́kísódù orí 30, Ọlọ́run ka àwọn nǹkan tí wọ́n máa pò pọ̀ ṣe tùràrí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀ torí kó lè máa gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á gé e kúrò láàárín àwọn èèyàn ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìyẹn kì í ṣe tinú pálọ̀!

Igi tùràrí sì tún ń ṣiṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ò kà sí: ó ń ka àkókò. Àwọn ẹlẹ́sìn Zen, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan ní Japan, máa ń jókòó ṣàṣàrò títí igi kan á fi jó tán, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kódà iye igi tó bá jó ni wọ́n fi ń ṣírò owó àwọn geisha, ìyẹn àwọn obìnrin Japan tó ń kọrin tí wọ́n sì ń jó fún àwọn àlejò, láyé àtijọ́. Lójú tèmi, ohun tó ń ṣe fún ẹni tó ń gbàdúrà nìyẹn, torí fóònù tẹ́ẹ fẹ́ fi ṣe alámù, òun náà ló máa bá yín dá ọ̀rọ̀ míì sílẹ̀ kẹ́ẹ tó ṣe àmín, ṣùgbọ́n igi yìí ò ní sọ nǹkan kan, ẹ ṣáà mọ̀ pé kò tíì jó tán. Tí odindi bá gùn jù fún yín, ẹ kán an sí méjì kẹ́ẹ tó tanná sí i, kẹ́ẹ ri ìdí ẹ̀ mọ́ inú iyanrìn.